Oxford, Gainesville àbí Baton Rouge: iṣẹ́ mẹ́ta níwájú Lane Kiffin

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kọkànlá ọdún 2025, iṣẹ́ mẹ́ta ló ń dúró de ọkùnrin kan. Lane Kiffin, kóòṣì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní fásitì Ole Miss, lè jókòó sí Oxford ní ìpínlẹ̀ Mississippi níbi tó ti ń jẹun. Ó lè kó lọ sí fásitì Florida ní Gainesville. Ó sì lè kó lọ sí LSU, fásitì ìpínlẹ̀ Louisiana, ní Baton Rouge. Gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ lé eré yìí ló ti mọ èyí tó mú: LSU ni. Síbẹ̀ ó tọ́ ká gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwọ̀n, torí irú ọ̀rọ̀ yìí kì í tán nílẹ̀: lọ́dọọdún ni kóòṣì kan tí orúkọ rẹ̀ ń fa awuyewuye máa ń ní ìwé àdéhùn méjì mẹ́ta lọ́wọ́, tí àwa òǹwòran á sì máa fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ibi tí mo rò pé a ti ń ṣì í ni pé ife la máa ń kà, dọ́là la máa ń kà, a tún máa ń ka iye èèyàn tí pápá gbà. Fún kóòṣì tí kò bá ẹnikẹ́ni ní gbólóhùn asọ̀, ìyẹn tó. Fún ẹni bíi Kiffin, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá lù ú bolẹ̀ nílé tuntun, ta ló máa dúró tì í? Ká sì bi ìkejì: ẹnu ọ̀nà wo ló máa gbà jáde nílé àtijọ́?

Ẹrù tó gbé dání

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ ò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 31 ni nígbà tí Oakland Raiders, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun, fi í ṣe kóòṣì ní 2007. Ní oṣù Kẹsàn-án 2008, Al Davis tó ni ẹgbẹ́ náà lé e, ó pe àwọn oníròyìn jọ, ó gbé lẹ́tà tó kọ sí i sára ògiri kí gbogbo ayé lè rí i, ó sì ń kà á. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, Kiffin dé fásitì Tennessee. Kò tíì gbá ìdíje kan ṣoṣo níbẹ̀ tó fi fẹnu kọ: ó ní Urban Meyer, kóòṣì Florida nígbà náà, rú òfin níbi tó ti ń wá agbábọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ò sì rí bẹ́ẹ̀. SEC, ìyẹn líìgì tí àwọn fásitì náà wà, bá a wí ní gbangba, ó sì tọrọ àforíjì. Sáà kan ló lò ní Knoxville, ó borí nígbà 7, ó fìdí rẹmi nígbà 6, ó sì sá lọ sí USC, fásitì kan ní Los Angeles, ní oṣù Kìíní 2010. Lálẹ́ ọjọ́ náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta, wọ́n ń dáná sun fóòmù ìbùsùn.

USC náà ò jẹ́ kó jókòó pẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2013, Arizona State na ẹgbẹ́ rẹ̀ 62 sí 41. Wọ́n wọ bàálù padà sí Los Angeles lóru, wọ́n sì pè é sí yàrá kan ní pápákọ̀ òfuurufú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́. Kò tíì dé ilé rárá. Nick Saban, kóòṣì fásitì Alabama, gbà á síbẹ̀ ní 2014 láti máa darí ìkọlù, wọ́n jọ gba ife sáà 2015, ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n gbá àṣekágbá sáà tó tẹ̀ lé e, Saban ní kó máa lọ, torí ó ti gba iṣẹ́ míì, ọkàn rẹ̀ ò sì sí lójú kan mọ́.

Iṣẹ́ tó gbà yẹn ni mo fẹ́ kí kóòṣì èyíkéyìí tí orúkọ rẹ̀ bá ti bàjẹ́ wò dáadáa. FAU ni, fásitì kan ní Boca Raton tí kò lórúkọ nínú bọ́ọ̀lù. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀, ó gba ife Conference USA, líìgì tí wọ́n wà, nígbà méjì, kò sí oníròyìn tó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ilé kékeré la fi ń wẹ orúkọ. Ibẹ̀ ni Ole Miss ti wá mú un fún sáà 2020.

Ká má sì kó gbogbo kóòṣì aláwuyewuye sínú àpò kan náà. Bobby Petrino parọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Arkansas lórí ìjàǹbá alùpùpù ní 2012, wọ́n lé e. Hugh Freeze fi Ole Miss sílẹ̀ ní 2017 nígbà tí ìwé ìpè fóònù tú àṣírí rẹ̀. Fún irú àwọn wọ̀nyẹn, ìbéèrè ìgbìmọ̀ fásitì ni pé ṣé ó yẹ ká gbà á. Ti Kiffin yàtọ̀. Ẹnu àti ẹsẹ̀ ló ń dá a lẹ́bi. Gbogbo ilé ló fẹ́ gbà á, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé kì í jókòó.

Owó

Mi ò ní pẹ́ níbí. LSU fi ọdún 7 síwájú rẹ̀, ó tó 13 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Ole Miss kì í ṣe òtòṣì, Florida náà kì í ṣe òtòṣì, ìpínlẹ̀ Florida ò sì ń gba owó orí lórí owó oṣù ẹnikẹ́ni. Láti oṣù Keje 2025 ni fásitì ti lè máa san owó fún agbábọ́ọ̀lù ní tààrà, tó tó 20.5 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́ fún gbogbo eré ìdárayá rẹ̀ lápapọ̀, ààlà kan náà ni fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn, àwọn olówó ìlú ló ń dá a jọ. Nígbà tí owó bá ti tó èyí, ẹni tó ní òun yan iṣẹ́ torí owó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ilẹ̀ tí ọmọ ti ń wá

Níbí, LSU ò lẹ́gbẹ́. Òun nìkan ni fásitì ńlá tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá ní Louisiana, ìpínlẹ̀ tí agbábọ́ọ̀lù pọ̀ sí bí iyanrìn. Ọmọ tó bá dàgbà sí New Orleans tàbí Shreveport, àwọ̀ elésè àlùkò àti wúrà LSU ló ń rí láti kékeré. Kóòṣì mẹ́ta tó tẹ̀ léra ló gba ife orílẹ̀-èdè níbẹ̀: Saban ní sáà 2003, Les Miles ní 2007, Ed Orgeron ní 2019. Orgeron yìí, Ole Miss ti lé e kúrò ní 2007 lẹ́yìn tó borí nígbà 10 péré tó sì fìdí rẹmi nígbà 25. Ẹni tí kò rí nǹkan kan ṣe ní Oxford dé Baton Rouge, ó di ọba. Ó dá mi lójú pé Kiffin náà ti ro ìyẹn.

Florida ní ọmọ jù wọ́n lọ tá a bá ka orí, àmọ́ Miami àti Florida State jọ ń pín in ni. Mississippi kéré, Mississippi State sì tún wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta ko ara mi díẹ̀. Ohun tó sọ Kiffin di ẹni tó dà kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Fèrèsé tí wọ́n ń pè ní portal ni, tí agbábọ́ọ̀lù fi ń ṣí kúrò ní fásitì kan lọ sí òmíràn. Ní 2025, Trinidad Chambliss ló di quarterback fún un, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí ìkọlù lórí pápá, ọmọ tó ti Ferris State wá, fásitì kan ní Michigan tí kò tilẹ̀ sí ní ìpele àkọ́kọ́. Ó dé gẹ́gẹ́ bí adípò, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ṣèṣe, kò sì kúrò lórí pápá mọ́. Kóòṣì tó lè mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó fi borí nígbà 11 nínú ìdíje 12, kí ló kàn án pẹ̀lú ilẹ̀ ọlọ́ràá? Ní sáà yẹn kan náà, ó na LSU 24 sí 19, ó na Florida 34 sí 24. Àwọn méjèèjì tó ń bẹ̀ ẹ́ kó wá, ó ti nà wọ́n láti Oxford.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará wa náà o. Olu Fashanu gbá fún Penn State kí Jets, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní New York, tó mú un ní 2024. Dayo Odeyingbo gbá fún Vanderbilt, nínú SEC yìí gan-an. Òbí Yorùbá ní Texas tàbí Maryland tí kóòṣì bá wá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, tó ń jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó sì ń yìn ín, kó dákun bi í léèrè: "Ẹ̀yin gan-an ńkọ́, ṣé ẹ máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ta lọ̀gá níbẹ̀?

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi jókòó.

Ní Baton Rouge, gbogbo ìlú lọ̀gá. LSU lé Brian Kelly ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2025, lọ́jọ́ kejì tí Texas A&M nà wọ́n 49 sí 25 nílé ara wọn. Owó gbà-má-bínú tí wọ́n jẹ ẹ́ lé ní 50 mílíọ̀nù dọ́là. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, gómìnà ìpínlẹ̀ náà, Jeff Landry, jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó ní olùdarí eré ìdárayá Scott Woodward kọ́ ló máa yan kóòṣì tuntun, ó tilẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ó sàn kí Donald Trump yàn án. Lọ́jọ́ kejì, Woodward ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kelly sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lórí owó rẹ̀. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ gómìnà náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: Woodward yìí kan náà ló mú Jimbo Fisher lọ sí Texas A&M nígbà kan, ẹni tí wọ́n fi owó tó lé ní 75 mílíọ̀nù dọ́là lé lọ ní 2023. Ṣùgbọ́n ẹ wo àpẹẹrẹ tí ìyẹn jẹ́. Níbi tí gómìnà bá ti lè dá sí ọ̀rọ̀ kóòṣì, ẹni tó buwọ́ lu ìwé rẹ kọ́ lẹni tó máa gbà ọ́ lọ́jọ́ ìṣòro. Orgeron gba ife ní oṣù Kìíní 2020. Ní oṣù Kẹwàá 2021 wọ́n ti kéde pé ó ń lọ. Ọdún méjì ò pé.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ fún aláwuyewuye, mi ò ní fi pa mọ́. Baton Rouge ò wá ọmọlúwàbí kóòṣì. Les Miles a máa já koríko pápá jẹ, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ fún un nígbà tó ń borí. Ìlú tó fẹ́ràn aláré ni. Kiffin lè sọ ohun tó wù ú lórí X, kò sẹ́ni tó máa bínú, tó bá ṣáà ti na Alabama. Láàárọ̀ ọjọ́ tí kò bá nà wọ́n, àpárá àná á di ẹ̀sùn.

Florida ló burú jù fún un, mi ò rí ìdí tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní iṣẹ́ kejì tó dára jù. Láti ìgbà tí Urban Meyer ti lọ lẹ́yìn sáà 2010, kóòṣì mẹ́rin ló ti jókòó sórí àga yẹn: Will Muschamp, Jim McElwain, Dan Mullen, Billy Napier. Wọ́n lé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. McElwain gbé wọn dé àṣekágbá SEC lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún méjì àkọ́kọ́ rẹ̀, wọ́n ṣì lé e ní ọdún kẹta. Àìsàn tó ń ṣe Gainesville ni pé ìgbà ayé Steve Spurrier àti Meyer, àwọn kóòṣì wọn àtijọ́, ni wọ́n fi ń wọn gbogbo ẹni tó bá dé. Ẹ wá fi Kiffin sí i, ẹni tó ti pe Meyer yìí ní oníwàyó láìjẹ̀bi. Ọdún 16 ti kọjá lórí ìyẹn, òótọ́ ni, àmọ́ ìfìdírẹmi kan ṣoṣo ló máa gbé e padà wá sójú ìwé ìròyìn.

Oxford ńkọ́? Pápá wọn gba nǹkan bí 64,000 èèyàn, nígbà tí ti LSU gba ohun tó lé ní 102,000, tí ti Florida sì gba 88,000. Láti 1963 ni Ole Miss ò ti gba ife SEC. Ìlú tí kò ga jù lójú ara rẹ̀ ni, àwọn tó mọ Oxford á sì sọ fún ọ pé ọ̀sán ọjọ́ Sátidé lábẹ́ igi óákù inú Grove, ọgbà inú fásitì náà, gan-an ni ayẹyẹ náà: àgọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́, aṣọ tábìlì funfun, àwọn kan so fìtílà olówó iyebíye mọ́ òrùlé àgọ́ wọn, àwọn ọkùnrin nínú kóòtù àti táì nínú oòrùn. Bí wọ́n bá borí, ó dáa. Bí wọn ò borí, oúnjẹ ò tíì tán. Irú ibẹ̀ ni Kiffin ti rí ara rẹ̀ gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ ní gbangba pé Oxford lòun ti fi ọtí sílẹ̀, pé ibẹ̀ lòun àti àwọn ọmọ òun ti padà sún mọ́ra. Ìgbà 55 ló borí níbẹ̀, ó fìdí rẹmi nígbà 19. Lọ́dún 2022 tó borí nígbà 8 péré, kò sí gómìnà kankan tó yọjú.

Ẹnu ọ̀nà àbájáde

Kàlẹ́ńdà ló mú kí èyí le. Egg Bowl, ìjà Ole Miss àti Mississippi State, wáyé ní Fúráìdé ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá. Ole Miss borí 38 sí 19. Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama máa buwọ́ lu ìwé. Portal á ṣí ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ìdíje ẹgbẹ́ méjìlá fún ife orílẹ̀-èdè máa ń wáyé. Fásitì tó ń wá kóòṣì ò lè dúró de oṣù Kìíní, torí ọmọ ò ní kù lọ́jà nígbà yẹn. Nítorí náà, kóòṣì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ìdíje ló gbọ́dọ̀ sọ pé òun ń lọ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ò gbè sẹ́yìn ètò yìí, kò sì sẹ́ni tó gbè sẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ó wà bẹ́ẹ̀.

Ní Sunday ọjọ́ 30, Kiffin kéde pé LSU lòun ń lọ. Ó fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kóun darí Ole Miss dé ìparí ìdíje. Keith Carter, olùdarí eré ìdárayá níbẹ̀, kọ̀ jálẹ̀, ó fi Pete Golding tó ń darí ìdáàbòbò sórí àga. Àwọn èrò lọ dúró sí pápákọ̀ òfuurufú Oxford, wọ́n ń pariwo èébú bí bàálù ṣe ń gbé e lọ.

Ẹ wá fi èyí wé ti Jon Sumrall. Kóòṣì Tulane ni, òun ni Florida padà mú nígbà tí Kiffin ò wá. Tulane náà wọ ìdíje yẹn. Tulane ní kó máa bá iṣẹ́ lọ títí ẹgbẹ́ á fi jáde, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀, ní Oxford gan-an, níbi tí Ole Miss ti nà wọ́n 41 sí 10. Iṣẹ́ kan náà, oṣù kan náà, ọ̀kan jáde pẹ̀lú ìdágbére, èkejì jáde pẹ̀lú èébú. Àwọn kan ní torí pé LSU àti Ole Miss jọ wà ní SEC ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú rẹ̀. Ìyókù, orúkọ ni. Sumrall ò sá kúrò ní Knoxville lóru rí.

Ohun tó wá dun àwọn tó fẹ́ràn Kiffin jù ni ti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Georgia, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó na Ole Miss rẹ̀ nínú sáà náà, 43 sí 35, ni wọ́n tún pàdé nínú Sugar Bowl, ìpele kan nínú ìdíje ẹgbẹ́ méjìlá yẹn. Láìsí i, wọ́n na Georgia 39 sí 34. Miami ló dá wọn dúró ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, 31 sí 27. Charlie Weis Jr., tó ń darí ìkọlù rẹ̀ tó sì ti bá a gba iṣẹ́ LSU, padà wá bá wọn gbá ìdíje náà tán. Igbákejì rí àyè padà, ọ̀gá ò rí.

Èwo ló yẹ ta ni

Bí mo bá ń gba kóòṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nímọ̀ràn, tí orúkọ rẹ̀ mọ́, LSU ni máa ní kó mú láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ wà, owó wà, ife wà, bí wọ́n bá sì lé e lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ẹlòmíì á gbà á. Bí ó bá jẹ́ irú Freeze tàbí Petrino, ilé kékeré bíi FAU ni kó wá, kó sì fara mọ́ ọn fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Florida yẹ ẹni tí kò ní ìtàn kankan pẹ̀lú wọn, tó sì lè fọwọ́ lẹ́rán nígbà tí wọ́n bá ń sọ fún un bí Spurrier ṣe ń ṣe é.

Fún Kiffin, èmi ì bá ní kó dúró. LSU jẹ́ iṣẹ́ tó dára jù, mi ò jiyàn. Ole Miss ni iṣẹ́ tó dára jù fún un, méjèèjì ò sì dọ́gba. Ẹgbẹ́ méjìlá ló ń wọ ìdíje báyìí, kò di dandan kéèyàn ní pápá ńlá kó tó dé ibẹ̀. Ọkùnrin tó ti jáde pẹ̀lú ariwo ní Oakland, ní Knoxville, ní Los Angeles àti ní Tuscaloosa tí fásitì Alabama wà, ibi kan ṣoṣo tó bá dúró sí ló lè yí ìtàn yẹn padà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti tẹ ibẹ̀. Àwọn tó bá a gbè á ní ẹni tó ń wá ife ò lè jókòó síbi tí ife ò dé láti ìgbà tí wọ́n ti ń wo tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú àti funfun. Ọ̀rọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa jáde bẹ́ẹ̀, kó ka iye tó ń ná an. Ní oṣù Kẹwàá 2021, ọdún mọ́kànlá lé lẹ́yìn tó ti kúrò ní Tennessee, ó kó Ole Miss lọ gbá a ní Knoxville. Bó ṣe ń hàn pé Ole Miss máa borí, 31 sí 26 ni wọ́n parí rẹ̀ sí, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò nǹkan sórí pápá: ike omi, ìgò, odidi ike mọ́sítáàdì kan. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kan sì ba Kiffin fúnra rẹ̀. Wọ́n dá eré dúró fún bí ogún ìṣẹ́jú. Èèyàn lè ju ike omi torí inú bí i lójijì. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù yàtọ̀: látilé ni wọ́n ti fi í sápò.

Ètò ìdíje 2026 fi LSU sí Oxford ní oṣù Kẹsàn-án. Àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ á dé akoto. Òun, fìlà aláìlórí tó máa ń dé náà ni.